Ìgò Tẹ́ẹ́rẹ́, Aṣọ Ìfúnpá àti Ẹ̀jẹ̀ Aboyún

Mìlílítà ẹ̀jẹ̀ 2 péré ni. Nọ́ọ̀sì á fà á láti apá obìnrin tó ń rọbí, á dà á sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ́, tó gbẹ, tí kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀, á sì pa ọwọ́ dé mọ́ ọn kí ooru àtẹ́lẹwọ́ má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà tutù. Á máa wo aago. Tí ìṣẹ́jú 4 bá pé, á ṣí ọwọ́, á rọra dẹ ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ náà á ṣì máa ṣàn, pupa rẹ̀ á máa fà lára gíláàsì. Á tún pa ọwọ́ dé. Láti ìgbà náà lọ, ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni yóò máa dẹ ẹ́ wò, títí ẹ̀jẹ̀ náà kò fi ní ṣàn mọ́, tí yóò dì gbagidi bí ẹ̀kọ inú ewé, tí èèyàn lè dojú ìgò dé tí ẹ̀kán kan kò ní bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìṣẹ́jú 7 bá kọjá tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn, tàbí tó dì fẹ́rẹ́ tó tún tú ká nígbà tí wọ́n mi ìgò, gbogbo ẹni tó wà ní yàrá ìbímọ náà ti mọ ohun tó dé. Obìnrin yìí lè sun ẹ̀jẹ̀ dákú, kí ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún má sì dá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ló to ìlànà ìdánwò yìí sílẹ̀ fún ibi tí yàrá àyẹ̀wò bá jìnnà tàbí tí èsì rẹ̀ bá máa ń pẹ́. Ní Mainland Èkó, yàrá àyẹ̀wò kò jìnnà. LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, ti wà ní Ìdí-Àràbà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, níbi tí Mushin àti Súrùlérè ti pààlà. Ilé ìwòsàn Randle wà ní Súrùlérè. Ilé ìwòsàn tó jẹ́ ti rélùwéè tẹ́lẹ̀ ní Ebute-Metta sì ti di ti ìjọba àpapọ̀. Àmọ́ ní aago méjì òru, tí iná ti lọ, tí ọkọ ìyàwó ń wá owó àyẹ̀wò kiri, ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lè sọ tirẹ̀ kí èsì tó dé. Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ nìyí. Àìsàn tí mo fẹ́ ṣàpèjúwe ń ṣiṣẹ́ níbi tí ojú kò tó, nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó kéré ju irun orí lọ, ìwọ̀nba ohun èlò bíi mélòó kan ló sì ń gbé e jáde síta: ìgò, aṣọ ìfúnpá, ìtọ̀ nínú ike, àti ojú ẹni tó mọ ohun tó ń wò.

Kí a tó dé orí ẹ̀jẹ̀ tó kọ̀ láti dì, ẹ jẹ́ ká wo bí ẹ̀jẹ̀ aboyún ṣe rí nígbà tí ara bá le. Ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kó tó di oṣù kẹsàn-án, ó ti fi nǹkan bí ìdajì lé iye tó wà lára obìnrin náà kó tó lóyún. Lára rẹ̀, ohun tó lé ní ìdajì lítà ló ń lọ sí ilé ọmọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ibi ọmọ á já kúrò lára ògiri ilé ọmọ ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀, gbogbo ẹnu iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ á sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí kò bá sí ohun tó ń dí wọn, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ ara ìyá ì bá ti tán. Ohun méjì ló ń dí wọn. Ẹran ilé ọmọ á súnkì, á fún iṣan wọ̀nyẹn pa. Ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ á sì dì sí ẹnu wọn.

Ara kì í dúró dìgbà tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ bá dé kó tó múra sílẹ̀ fún èyí. Láti oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ ló ti ń kó àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì jọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní fibrinogen, tó máa ń wà láàárín gíráàmù 2 sí 4 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ obìnrin tí kò lóyún, á gòkè dé 4 sí 6 kí oyún tó pé. Àwọn èròjà tó ń sọ pé kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì ní tiwọn á dínkù, agbára tí ara fi ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ti dì á sì rẹlẹ̀. Ó jọ mí lójú gan-an. Obìnrin tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà Olóṣà, tó ń ṣẹ́ ṣọ́ọ̀kọ̀ sínú agbọ̀n, kò mọ̀ pé ara òun ti ń múra fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn.

Ìmúra yìí ní ewu tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó yá láti dì lè dì níbi tí a kò rán an. Rudolf Virchow, dókítà ará Jámánì, ti ṣàlàyé láàárín àwọn ọdún 1850 pé ohun mẹ́ta ló ń mú ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan: kó máa ṣàn lọ́ra, kí ògiri iṣan farapa, kí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ti ṣe tán láti dì. Oyún kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ilé ọmọ tó ti tóbi tẹ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń rọ́jú gòkè. Ẹsẹ̀ òsì ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí, torí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún gba orí èyí tó ń bọ̀ láti ẹsẹ̀ òsì kọjá, ó sì ń tẹ̀ ẹ́. Ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan obìnrin tó lóyún tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò lóyún, ó sì tún máa ń ga sí i ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó tẹ̀ lé ìbímọ, pàápàá bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ.

Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé dá mọ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló máa ń wú lára ọ̀pọ̀ aboyún tí ọjọ́ bá ti rọ̀. Bàtà á fún, á sì padà bọ́ sípò tó bá gbé ẹsẹ̀ sókè sùn. Èyí yàtọ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń wú. Ẹ̀yìn ojúgun á le, á gbóná, awọ ibẹ̀ á nà, á máa dán, á sì máa dun obìnrin náà nígbà tó bá tẹ ilẹ̀. Nínú ilé, ohun àkọ́kọ́ tí ìyá àgbà máa ń ṣe ni kó fi òrí àti omi gbígbóná wọ́ ọ. Ìfẹ́ ló mú un ṣe é, mi ò bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yìí kò fẹ́ wíwọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú rẹ̀ lè já, kó gba inú iṣan gòkè, kó kọjá nínú ọkàn, kó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Èémí obìnrin náà á gé lójijì, àyà á máa gún un, ó lè máa wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ó sì lè kú kí ọkọ̀ tó kúrò ní Òjúẹlẹ́gba. Abẹ́rẹ́ heparin tí wọ́n ń gún sí abẹ́ awọ ni wọ́n fi ń wò ó, kì í sì í kọjá sára ọmọ inú. Obìnrin tó ń jókòó ti ọjà láti àárọ̀ dalẹ́, tàbí tó ń lo wákàtí mẹ́ta nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójoojúmọ́, kó máa dìde, kó máa yí ọrùn ẹsẹ̀, kó sì máa mu omi.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi ọmọ, torí ibẹ̀ ni ìṣòro ńlá ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ìdajì àkọ́kọ́ oyún, ibi ọmọ máa ń rán àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wọnú iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára ògiri ilé ọmọ. Iṣan wọ̀nyí lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, wọ́n há, wọ́n sì lè súnkì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á bọ́ ẹran inú wọn kúrò, wọ́n á là wọ́n gbòòrò, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn wọlé jẹ́jẹ́ láìdúró. Lára àwọn obìnrin kan, iṣẹ́ yìí kì í parí. Iṣan á ṣì há. Ebi ẹ̀jẹ̀ á máa pa ibi ọmọ. Ní ọdún 2003, Ananth Karumanchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ibi ọmọ tó wà nírú ipò yìí máa ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní sFlt-1 sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Èròjà náà á so àwọn ohun tó ń tọ́jú awọ inú iṣan mọ́lẹ̀, kò ní jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́. Awọ inú iṣan á wá ṣàárẹ̀ káàkiri ara: nínú kíndìnrín, nínú ẹ̀dọ̀, nínú ọpọlọ, nínú ojú. Iṣan á súnkì, ìfúnpá á gòkè. Kíndìnrín tó yẹ kó sẹ́ purotéènì dúró á jẹ́ kó bá ìtọ̀ lọ. Omi á máa jo jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ẹran ara, ojú á wú, òrùka á há mọ́ ìka. Àwọn èérún inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní platelet, tó jẹ́ àwọn ló ń kọ́kọ́ sáré lọ síbi tí iṣan bá ti bó, á rí ibi tó bó káàkiri, wọ́n á sì máa ná ara wọn tán níbẹ̀. Àìsàn náà ni wọ́n ń pè ní pre-eclampsia. Orí ìfúnpá ni wọ́n ti sábà máa ń bá a wí, ṣùgbọ́n àìsàn iṣan àti ẹ̀jẹ̀ ni láti ìpilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dì síbi tí kò yẹ àti ẹ̀jẹ̀ tí kò dì níbi tó yẹ lè bá ara wọn pàdé lára obìnrin kan ṣoṣo láàárín ọjọ́ kan.

Ó sábà máa ń mú ẹni tó lóyún fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti gòkè, ẹni tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀, ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà tẹ́lẹ̀, ẹni tó ti ní in nínú oyún tó kọjá, àti ẹni tí ìyá tàbí àbúrò rẹ̀ ní in rí. Oyún ìbejì náà ń fa ewu rẹ̀ súnmọ́ tòsí, ọ̀rọ̀ tó kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n nìyẹn, torí pé ilẹ̀ wa wà lára ibi tí wọ́n ti ń bí ìbejì jù láyé. Bí aboyún bá wú lójú wú lẹ́sẹ̀, àwọn ará ilé á máa yọ̀, wọ́n á ní ìbejì ló wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ìdí mìíràn nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wo àárọ̀ ọjọ́ klíníkì lórí Mainland. Kó tó di aago mẹ́jọ, bẹ́ǹṣì ti kún. Àwọn tó bọ́ọ́lẹ̀ nínú dánfó ní Ìdí-Òrò, àwọn tó gun kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Láwáńsìn, àwọn tó fẹsẹ̀ rìn wá, gbogbo wọn ló jókòó ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, ikùn wọn yọ síwájú, ike ìtọ̀ nínú ọ̀rá lọ́wọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ń dá orin, wọ́n ń gbè é, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn orin ni ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ àti ẹrù ìkúnlẹ̀. Tábìlì méjì ni mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́.

Orí tábìlì àkọ́kọ́ ni ìtọ̀. Nọ́ọ̀sì á ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ike, á yọ ọ́, á sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àwọ̀ tó wà lára ìgò bébà náà. Ojú kékeré kan wà lára rẹ̀ tó jẹ́ ti purotéènì. Bó bá ṣì yẹ́lò, ó dáa. Bó bá yí sí àwọ̀ ewé, nǹkan ti ń jò láti kíndìnrín. Kí bébà yìí tó dé, iná ni wọ́n máa ń fi sí abẹ́ ìtọ̀ nínú gíláàsì, tí purotéènì inú rẹ̀ á sì dì funfun.

Orí tábìlì kejì ni aṣọ ìfúnpá.

"Màmá wa, ẹ jókòó dáadáa, ẹ fẹ̀yìn ti àga. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀."

Ó yẹ kó jẹ́ pé obìnrin náà ti sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Nọ́ọ̀sì á ká aṣọ náà mọ́ apá rẹ̀, lókè ìgbúnwọ́, ní ìbámu pẹ̀lú ọkàn. Á máa fún bọ́ọ̀lù rọ́bà, aṣọ á le, á fún apá pa títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní kọjá mọ́. Lẹ́yìn náà, á rọra tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, etí rẹ̀ á sì wà ní kọ̀rọ̀ ìgbúnwọ́. Ìdákẹ́jẹ́ ni lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, kò, kò, kò. Iye tí ìró àkọ́kọ́ bọ́ sí ni nọ́ńbà òkè. Iye tí ìró náà ti dákẹ́ ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Nikolai Korotkov, dókítà ará Rọ́ṣíà, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ìró yìí ní ọdún 1905, wọn kò sì tíì rí ohun tó gba ipò rẹ̀ pátápátá lọ́wọ́ àwọn agbẹ̀bí. Bí aṣọ náà bá kéré jù fún apá tó tóbi, nọ́ńbà á ga lórí irọ́. Èyí ni mo ṣe fẹ́ràn klíníkì tó ní aṣọ oríṣi méjì.

"Àǹtí nọ́ọ̀sì, mélòó ni?"

Ó dùn mọ́ mi tí mo bá gbọ́ ìbéèrè yẹn. Ọ̀pọ̀ kì í béèrè.

Bí nọ́ńbà bá dé 140 lórí 90, tí wọ́n tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin tó ṣì wà níbẹ̀, tí oyún sì ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ti dé. Bó bá dé 160 lórí 110, kò sí àyè fún ìdúró wákàtí mẹ́rin. Wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n káàdì klíníkì máa ń sọ̀rọ̀ ṣáájú 140. Ẹ gbé káàdì kan, ẹ ka ọ̀wọ́ nọ́ńbà rẹ̀ láti òkè délẹ̀: 100 lórí 60, 110 lórí 70, 122 lórí 80, 136 lórí 88. Kò sí èyí tó tíì kọjá ààlà níbẹ̀. Síbẹ̀, nọ́ọ̀sì tó bá ń ka káàdì, tí kì í kàn án kọ nìkan, á sọ fún obìnrin náà pé kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó má dúró di oṣù kan.

Tí àìsàn náà bá ti le, obìnrin á máa ráhùn. Orí á máa fọ́ ọ níwájú, pàrásítámọ́ọ̀lù kò ní ràn án. Á máa rí ohun tó ń tàn yẹ̀rẹ̀yẹ̀rẹ̀ lójú. Abẹ́ ìhà ọ̀tún á máa dùn ún, á sì máa bì. Àwọn àmì yìí kò dá yàtọ̀ lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Ibà ni, àwọn kan á wí. Ọgbẹ́ inú ni, kẹ́míìsì àdúgbò á tà á ní oògùn olómi funfun. Ìrora abẹ́ ìhà ọ̀tún yẹn, ẹ̀dọ̀ tó ń wú nínú awọ rẹ̀ ló ń fà á.

Lẹ́yìn èyí ni gìrì. Àwọn olùwádìí tó bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 2016, rí i pé àwọn èèyàn gbà pé ìrònú, ìjà lọ́kọláya àti àìlówó ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún, pé òtútù tó pẹ́ lára ló sì ń fa gìrì rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Mushin. Nínú ilé oníyàrá méjìlá tí ọ̀ọ̀dẹ̀ kan gba àárín rẹ̀ kọjá, bí aboyún bá ṣubú lójijì, tí ojú rẹ̀ yí sókè, tí eyín rẹ̀ pa dé, tí ara rẹ̀ le gan-an, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ariwo á ta. Ẹnì kan á fẹ́ ki ṣíbí sí i lẹ́nu. Ẹnì kan á sáré lọ gbé ìtọ̀ màálù. Ẹlòmíràn á ní ogun ilé ni. Láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, gbígbọ̀n náà á dáwọ́ dúró, obìnrin náà á máa hanrun, kò ní mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Wọ́n á rò pé ó ti sinmi. Gìrì kejì wà lọ́nà.

Ẹ má ki ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ má fún un ní ohun mímu kankan. Ẹ dojú rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́ òsì, kí itọ́ lè ṣàn jáde, kí ẹ sì wá ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà lè máa gbà á nínú ọkọ̀; Ọlọ́run gbọ́ títí dé Ìdí-Àràbà.

Oògùn tó ń dá gìrì yìí dúró kì í ṣe tuntun, owó rẹ̀ kò sì ga tó ti ọ̀pọ̀ oògùn. Magnesium sulphate ni, iyọ̀ kan tó mọ́ gaara nínú ìgò. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa ń tẹ̀ lé wá láti ọ̀dọ̀ Jack Pritchard ní Dallas, Amẹ́ríkà: gíráàmù 4 sínú iṣan, díẹ̀díẹ̀, títí ooru á fi gun obìnrin náà lójú, gíráàmù 5 sí ìdí ọ̀tún, 5 sí ìdí òsì, lẹ́yìn náà, 5 ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, títí ọjọ́ kan á fi pé lẹ́yìn ìbímọ tàbí gìrì ìkẹyìn. Abẹ́rẹ́ ìdí náà ń dunni. Kí nọ́ọ̀sì tó gún èyí tó kàn, ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Á fi òòlù kékeré kan orúnkún obìnrin náà: ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ta pọ́n-ún. Á ka èémí rẹ̀: kò gbọ́dọ̀ dín ní 16 ní ìṣẹ́jú kan. Á wo àpò ìtọ̀ tó so mọ́ ibùsùn: ó kéré tán, mìlílítà 100 láàárín wákàtí mẹ́rin. Bí orúnkún bá dákẹ́, oògùn ti pọ̀ jù, wọn kò ní gún òmíràn. Ìgò calcium gluconate wà nítòsí fún ọjọ́ tí èémí bá fẹ́ dáwọ́ dúró.

Mo bọ̀wọ̀ fún nọ́ọ̀sì tó ń kan orúnkún ní aago mẹ́rin òru. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀, òòlù àti orúnkún ni. Ìwádìí Magpie tó jáde ní ọdún 2002 ló sọ ọ́ di àìlèjiyàn: àwọn obìnrin tó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè 33, Nàìjíríà wà lára wọn, ni wọ́n fi wé ara wọn, oògùn yìí sì dín gìrì kù ju ìdajì lọ. Oògùn mìíràn ló ń mú ìfúnpá wálẹ̀: Aldomet tí ọ̀pọ̀ aboyún Èkó ti mọ̀, nifedipine, labetalol, hydralazine. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń wo àìsàn náà sàn. Àìsàn náà kì í lọ títí wọn ó fi gba ọmọ àti ibi ọmọ jáde, ìdí sì nìyẹn tí dókítà fi máa ń sọ pé kí wọ́n gbé ọmọ nígbà mìíràn kí oṣù tó pé.

Oríṣi kan wà tó burú jù. Louis Weinstein ló fún un lórúkọ HELLP ní ọdún 1982. Iṣan ti há tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa ń fà ya bí wọ́n ti ń gbà á kọjá. Ojú á pọ́n bí ẹni tó ní ibà pọ́njú, ìtọ̀ á dúdú. Platelet tó yẹ kó lé ní 150,000 á já wálẹ̀ sísàlẹ̀ 100,000. Ẹ̀jẹ̀ á máa yọ lẹ́yìn eyín, ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún láàárọ̀ á ṣì máa ṣẹ̀jẹ̀ lọ́sàn-án. Nígbà mìíràn, ibi ọmọ á já kúrò ṣáájú ọmọ, ikùn á le gbandi, ẹ̀jẹ̀ á kó jọ sẹ́yìn rẹ̀, gbogbo fibrinogen tí ara ti fi oṣù mẹ́sàn-án kó jọ á sì tán láàárín wákàtí díẹ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni kì í dì nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni oògùn rẹ̀, pẹ́ẹ̀ǹtì lórí pẹ́ẹ̀ǹtì, pẹ̀lú omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi yìnyín tọ́jú. Ọkùnrin tó bá ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní báǹkì ẹ̀jẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ti ṣe ohun tó ju rírà kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ.

Ibi tí ọkàn mi kì í ti í balẹ̀ rárá ni ilé, lẹ́yìn ìbímọ. Gbogbo ojú ti kúrò lára ìyá, ó ti di ti ọmọ. Wọ́n ń ra ìrẹsì, wọ́n ń dá àǹkárá, ọjọ́ kẹjọ ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìfúnpá sábà máa ń ga jù láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbímọ, lẹ́yìn tí ilé ìwòsàn ti ní kó máa lọ. Gìrì lè dé lára obìnrin tí ìfúnpá rẹ̀ kò ga rí nígbà tó wà nínú oyún. Ìyá ọmọ á ní orí ń fọ́ òun, wọ́n á ní àìsùn ni. Wọ́n á ní ariwo àlejò ni. Kò sí ẹni tó máa rántí aṣọ ìfúnpá. Èmi gbà pé ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí àlejò béèrè lọ́wọ́ ọkọ, kó tó béèrè bí ọmọ ti tóbi tó, ni iye tí ìfúnpá ìyá ọmọ jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ohun kan wà tí wọ́n lè ṣe kí àìsàn yìí tó bẹ̀rẹ̀, orí platelet kan náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Aspirin kékeré, mílígíráàmù 75 sí 150 ní alaalẹ́, bí dókítà bá rí i pé obìnrin náà wà lára àwọn tó wà nínú ewu, tó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12. Ìwádìí ASPRE tó jáde ní ọdún 2017 lo 150, ó sì dín irú èyí tó máa ń mú kí wọ́n gbé ọmọ ṣáájú oṣù kù ju ìdajì lọ. Àwọn oníwádìí ní Yunifásítì Èkó àti LUTH, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bosede Afolabi jẹ́ aṣáájú wọn, gbé ìwádìí kan dìde lórí aspirin fún àwọn aboyún tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń yọ wọ́n lẹ́nu láti kékeré; wọ́n pè é ní PIPSICKLE. Èròjà kálísíọ̀mù náà ń ràn wá lọ́wọ́ níbi tí oúnjẹ kò ti gbé e tó. Ṣùgbọ́n obìnrin tó forúkọ sílẹ̀ ní klíníkì lóṣù kẹfà ti kọjá àsìkò aspirin. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ kí aráyé mọ̀ nípa oyún tó ṣì kéré, wọ́n ń bẹ̀rù ojú ayé. Kí wọ́n má sọ fún aráyé. Kí wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì.

Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò pé ní ọdún 2023, nǹkan bí obìnrin 75,000 ló kú nítorí oyún tàbí ìbímọ ní Nàìjíríà, èyí tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ láyé. Ẹ̀jẹ̀ sísun ló ń ṣíwájú nínú ohun tó ń pa wọ́n láyé, ẹ̀jẹ̀ ríru ló tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní aboyún nílé, ní Yábàá, ní Mushin, ní Súrùlérè, ní ibikíbi: ẹ mọ nọ́ńbà rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí àdúgbò tàbí ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní aṣọ ìfúnpá, bóyá wọ́n sì ń lò ó. Bí wọn kò bá ní, ẹ mú un lọ sí ibi tó wà. Ẹ wọ̀n ọ́n ní gbogbo ọjọ́ klíníkì, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìbímọ, lọ́jọ́ kẹta, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà á fi pé. 140 lórí 90, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. 160 lórí 110, tàbí orí fífọ́ tí kò gbọ́ oògùn, ẹ gbéra nísinsìnyí, kódà bó jẹ́ òru.